Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Kí Àgọ́ Wa Má Ṣe Pa Koríko Onílé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ koríko ni. Kì í ṣe koríko inú igbó tí màlúù ń jẹ, bí kò ṣe koríko pápá tí a máa ń ta àgọ́ àti kánópì lé lórí nígbà ìpàgọ́ Ọdún Àjíǹde, nígbà ìpàgọ́ àwọn ọmọdé nínú oṣù kẹjọ, nígbà ìsọjí ìta gbangba, àti nígbà ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àwọn ẹbí wa.

Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ìjọ ni ó ní ilẹ̀ ìpàgọ́ tirẹ̀. Pápá ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń yá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ akẹ́rù yóò wọlé pẹ̀lú irin kánópì, àga oníke, jẹnẹrétọ̀ àti ìkòkò ńlá. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, a ó palẹ̀ mọ́, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó sì máa lọ sílé. Nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, àwọn ọmọ tí kò bá wa jókòó nínú ìpàgọ́ yóò dé. Kí ni wọn yóò bá lójú pápá? Ibi tí a tẹ́ ọ̀rá sí ti pọ́n rúsúrúsú. Ibi tí a dáná sí ti di eérú. Ibi tí ọkọ̀ gbà kọjá ti di kòtò ẹrẹ̀. Èèkàn, ìyẹn irin tí a fi ń di okùn àgọ́ mọ́lẹ̀, sì ti yọ orí sókè níbi tí ọmọ tí kò wọ bàtà yóò ti gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní nígbà tí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ó ń jìyà. Àwa kò tilẹ̀ jà. Orin ni a kọ, àdúrà ni a gbà, síbẹ̀ koríko jìyà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a sọ ọ́ síta: ẹni tí ó bá yá pápá, a kò ta á fún un. Bí ó bá ṣe bá a ni kí ó fi í sílẹ̀, tàbí kí ó tún dára ju bí ó ṣe bá a lọ.

KÍ NI Ó Ń PA KORÍKO LÁBẸ́ ÀGỌ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń ṣe sí i, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tí ó fa àìsàn kò lè mọ oògùn rẹ̀.

Ìkínní ni òkùnkùn. Ewé koríko ni ilé ìdáná rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni iná tí ó fi ń se oúnjẹ, omi tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí ewé fà ni èèlò ọbẹ̀ náà. Bí a bá tẹ́ ọ̀rá dúdú tàbí tàpólì lé e lórí, iná ti kú nínú ilé ìdáná nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ewé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bí a bá ká a kúrò ní àkókò yìí, koríko yóò padà bọ̀ sípò, nítorí oúnjẹ ṣì wà nípamọ́ nínú gbòǹgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ohun tí ó wà nípamọ́ lè tán, gbòǹgbò pàápàá sì lè kú.

Ìkejì ni ooru. Nínú oòrùn ilẹ̀ wa, ooru tí ó wà lábẹ́ ọ̀rá kì í ṣe kékeré. Àwọn àgbẹ̀ kan tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ ọ̀rá funfun tí ó mọ́ gaara lé orí ilẹ̀ oko fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ooru rẹ̀ lè pa èpò àti kòkòrò kí wọ́n tó gbin nǹkan. Ohun tí àgbẹ̀ ń lò láti pa èpò ni àwa ń tẹ́ lé koríko tí a kò fẹ́ pa.

Ìkẹta ni ẹsẹ̀ àti ẹrù. Inú ilẹ̀ tí ó dára ní àwọn ihò wíwẹ́wẹ́ tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà. Ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí dà bí búrẹ́dì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò: bí o bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kì í tètè wú padà. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ń gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo láti ibi àgọ́ dé ibi omi, tàbí tí ọkọ̀ bá wọ orí pápá nígbà tí ilẹ̀ tutù, àwọn ihò wọ̀nyẹn yóò dí. Láti ìgbà náà lọ, omi òjò kì yóò lè wọlẹ̀ mọ́. Yóò dúró bí adágún, tàbí kí ó ṣàn lọ kí ó sì gbé erùpẹ̀ dání.

Ìkẹrin ni ohun tí a ń dà sílẹ̀. Omi gbígbóná tí a sẹ́ kúrò lára ìrẹsì, òróró àkàrà tí a ti lò tán, omi ọṣẹ tí a fi fọ ìkòkò, àti epo tí ó ń kán láti ara jẹnẹrétọ̀. Omi gbígbóná máa ń bọ koríko lójú ẹsẹ̀. Epo bẹntiróòlù àti dísù máa ń wọ inú ilẹ̀, ó sì lè pẹ́ gan-an kí nǹkan tó tún hù níbẹ̀.

“KORÍKO NI, YÓÒ TÚN HÙ”

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ nìyẹn. Lóòótọ́ ni, nǹkan kan yóò hù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ó kú ni ó sábà máa ń padà wá. Ẹ wo ibi tí ènìyàn ti tẹ ilẹ̀ pa lẹ́bàá ọ̀nà: gbégi ni ẹ óò rí níbẹ̀, nítorí ó lè fi gbòǹgbò wọ inú ilẹ̀ tí ó ti le koko. Koóko ìgbá, èyí tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ń pè ní Bahama grass, máa ń nà lọ lórí ilẹ̀, ó sì máa ń tètè bo ojú ọgbẹ́ pápá, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìbòji rárá. Bí a bá fi kánópì bò ó lójú léraléra, yóò ṣá.

Ẹ tún wo àkókò tí a ń pàgọ́. Bí a bá tẹ koríko pa nígbà ọdún Kérésìmesì, ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ ni ó wà níwájú rẹ̀. Kò sí òjò gidi tí yóò ràn án lọ́wọ́ títí di oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin. Gbogbo ìgbà yẹn, eruku ni àwọn ọmọ yóò máa fà símú. Ọdún Àjíǹde sì máa ń bọ́ sí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí láti inú ọ̀gbẹlẹ̀, tí ewé rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí a bá pa á nígbà náà, ojú ilẹ̀ yóò wà ní ìhòòhò nígbà tí òjò ńlá oṣù kẹfà àti oṣù keje bá dé. Òjò yóò gbé erùpẹ̀ òkè lọ, ohun tí yóò sì kù ni òkúta àti kòtò. Koríko ni aṣọ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá bọ́ aṣọ lára ilẹ̀ kí òjò tó dé ti fi í fún ọ̀gbàrá.

TA NI Ó Ń SAN GBÈSÈ NÁÀ?

Ẹ̀yin ará, ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá koríko. Nígbà tí pápá bá bàjẹ́, kì í ṣe àwa tí a pàgọ́ ni ó ń jìyà rẹ̀. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù jẹ́ ayọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni. Ìyá tí ó ń fọ ẹrẹ̀ pupa kúrò lára aṣọ ilé-ìwé ní alaalẹ́ ni. Bàbá àgbàlagbà tí ó ń gé koríko ilé-ìwé, tí wọn yóò sì bi léèrè pé kí ni ó ṣe sí pápá, ni.

Ọ̀gá ilé-ìwé pàápàá kì í lè sọ̀rọ̀. Ta ni ó fẹ́ sọ fún pásítọ̀ pé ìpàgọ́ rẹ̀ ba nǹkan jẹ́? Nínú iṣẹ́ ìjọba tí èmi fúnra mi ń ṣe, mo mọ bí ìwé ìbéèrè fún àtúnṣe ṣe máa ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí orí òmíràn. Bí òrùlé ilé-ìwé bá ń jò, tí àga kò sì tó, ta ni yóò fọwọ́ sí owó koríko? Nítorí náà, ohun tí a bá bàjẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣebí a sanwó.” Owó lílò ni a san, kì í ṣe owó bíbàjẹ́. Òfin Mósè nínú Ẹ́kísódù orí 22 kò fi èyí ṣeré: ẹni tí ó bá yá ẹran ọ̀sìn aládùúgbò rẹ̀, tí nǹkan sì ṣe é nígbà tí olówó rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ san án padà. Wòlíì Ìsíkíẹ́lì náà, ní orí 34, bá àwọn àgùntàn tí ó sanra wí nítorí pé wọ́n jẹ pápá tán, wọ́n sì tún fi ẹsẹ̀ ba èyí tí ó kù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ́. Ó yẹ kí àwa tí a ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àwọn aláìní ronú sí i.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A MÁA ṢE

1. Kí a yan ibi tí ó yẹ. Bí ibi kan bá wà lórí pápá tí kò ní koríko tẹ́lẹ̀, tàbí tí ó ní kọnkéré, níbẹ̀ ni kí a ta kánópì ìdáná, ibi ìwẹ̀ àti ibi ìtajà sí. Kí a fi àárín pápá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bí ìpàgọ́ bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kí a sún àwọn àgọ́ kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ibi tí wọ́n wà lè rí oòrùn.

2. Kí a má ṣe tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹní tí a hun dára jù ú lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá di dandan kí a tẹ́ tàpólì nítorí ọ̀rinrin, kí a máa ká a ní àràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, kí a sá a, kí a má sì tún un tẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Kánópì gíga tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí kò burú tó ọ̀rá ilẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́.

3. Kí ọkọ̀ má ṣe gun orí pápá. Kí a já ẹrù sí ẹnu ọ̀nà, kí àwọn ọ̀dọ́ gbé e. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, kí a dúró kí omi wọlẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ irin kiri.

4. Kí a ka èèkàn. Iye tí a bá gbá wọlẹ̀ ni kí a kọ sínú ìwé, iye náà ni a sì gbọ́dọ̀ fà jáde. Níbi tí ilẹ̀ ti le jù, a lè so okùn mọ́ àpò iyanrìn, mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a da kọnkéré sí, tàbí mọ́ kẹ́gì omi. Kẹ́gì lítà 25 tí ó kún wúwo tó nǹkan bí kílò 25, nítorí náà ẹyọ kan kò tó fún òpó kánópì ńlá. Bí ìjì bá ń bọ̀, kí a kó ènìyàn jáde kúrò lábẹ́ kánópì, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ṣáájú koríko.

5. Kí a dáná sókè ilẹ̀. Kí a lo ààrò onírin tí ó ní ẹsẹ̀, kí a sì gbé e sí ibi tí kò sí koríko. Bí kò bá sí irú ibẹ̀, kí a fi ṣọ́bìrì gé koríko pẹ̀lú gbòǹgbò àti erùpẹ̀ rẹ̀ ní bíi ìnṣì mẹ́rin nínípọn, kí a tò ó sábẹ́ ìbòji, kí a máa wọ́n omi sí i. Nígbà tí iná bá ti kú pátápátá, tí ilẹ̀ sì ti tutù, kí a kó eérú kúrò, kí a bu omi sí i, kí a dá koríko náà padà sí àyè rẹ̀, kí a sì rọra tẹ̀ ẹ́.

6. Kí a gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo fún omi ìdọ̀tí ìdáná, kí a sì dí i nígbà tí a bá ń lọ. Kí a gbé jẹnẹrétọ̀ lé orí páànù tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, kí epo tí ó bá kán lè dúró síbẹ̀.

7. Kí a má ṣe lọ ní ọjọ́ tí a parí láìtún pápá ṣe. Kí a ṣa ọ̀rá omi àti ìdérí ìgò. Kí a fi ọwọ́ tàbí réèkì gbé koríko tí ó ti dùbúlẹ̀ dìde. Kí a fi fọ́ọ̀kì oko gún ibi tí ilẹ̀ ti le kí omi lè wọ̀ ọ́, kí a sì bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tí koríko ti kú, kí a wá koóko ìgbá, kí a gé e ní kúkúrú kúkúrú pẹ̀lú oríkèé rẹ̀, kí a gbìn ín nígbà òjò ní ìwọ̀n ìnṣì mẹ́fà sí méjìlá síra wọn.

ÀWỌN MÌÍRÀN Ń ṢE É

Kì í ṣe àlá ni a ń lá. Àwọn ará wa tí ó ń gbé ní ìlú Ọba lè jẹ́rìí sí i pé àwọn ẹbí níbẹ̀ máa ń lọ pàgọ́ nígbà ọlidé. Àwọn mìíràn ń gbé ọkọ̀ tí a kọ́ bí ilé dání, tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, wọn a sì so aṣọ ìbòji bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ níbẹ̀ ni kì í gbà kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ aṣọ náà. Ẹní oníhò wíwẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà kọjá ni wọ́n ń bèèrè, àwọn kan sì ní kí àlejò máa ká a sókè lọ́jọ́ mélòó kan síra wọn. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń rò.

Ní abúlé Pilton ní ìpínlẹ̀ Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko màlúù kan wà tí wọ́n ń pè ní Worthy Farm. Orí oko yìí ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin Glastonbury láti ọdún 1970. Àwọn tí ó ń péjọ síbẹ̀ lè tó 200,000, inú àgọ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn. Owó ńlá ni ó ń ti ibẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, wọ́n máa ń fi ọdún kan sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan kí ilẹ̀ àti àwọn ará abúlé lè sinmi. Ọdún 2006, 2012, 2018 àti 2026 wà lára ọdún ìsinmi bẹ́ẹ̀. A kò ní kí ẹ fara wé gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi àjọ̀dún orin. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó ń pàgọ́ nítorí orin bá lè fún ilẹ̀ ní ìsinmi, kí ni ó yẹ kí àwa tí a ń ka òfin ìsinmi ilẹ̀ nínú Léfítíkù orí 25 máa ṣe?

ÌMỌ̀RÀN WA

A ń rọ gbogbo ìjọ àti ẹgbẹ́ pé, kí ìpàgọ́ tí ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n yan ẹni méjì tí wọn yóò máa jẹ́ olùtọ́jú pápá. Kí wọ́n bá ọ̀gá ilé-ìwé yí pápá ká kí a tó wọlé, kí wọ́n tún bá a yí i ká nígbà tí a bá ń jáde. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìtọrọ pápá pé ohun tí a bá bàjẹ́, àwa ni a ó tún un ṣe, kí a sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ya owó kánópì sọ́tọ̀. Bí ilé-ìwé méjì bá wà ní àdúgbò, kí a máa lò wọ́n ní ọdún kan síra wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ yín nígbà tí ẹ bá ń ta àgọ́. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní èèkàn tirẹ̀ láti kà. Ẹ jẹ́ kí ó rí yín bí ẹ ti ń ká ẹní ní òwúrọ̀. Ìwàásù tí ọmọ fi ojú rí máa ń pẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ ju èyí tí ó fi etí gbọ́ lọ.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Pápá tí a bá tọ́jú lónìí, ọmọ wa tàbí ọmọ ẹlòmíràn ni yóò sá eré lórí rẹ̀ lọ́la. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó ń ro ti ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àmín.